Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Férémù Àràmàǹdà Lára Alùpùpù Eré Ìje Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé. Mo lọ wo àwọn alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n kó jọ sí ilé kan nítòsí Birmingham, mo sì rí Vincent dúdú kan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, n kò rí páìpù férémù kankan lábẹ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe n'Íbàdàn ní irọ́ ni mò ń pa, pé kò sí alùpùpù tí kò ní férémù. Ta ló jàre nínú wa?

ÈSÌ: Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín náà kò jẹ̀bi tán. Iṣẹ́ tí férémù ń ṣe kò lè ṣàì wà lára alùpùpù. Òun ló di ọrùn, níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti ń yí, mọ́ ibi tí apá táyà ẹ̀yìn rọ̀ mọ́, kí àwọn méjèèjì má baà lọ́ kúrò lójú ìlà kan náà nígbà tí ẹni tó gùn ún bá fi eré tẹ̀ sí kọ́nà. Ohun tí Vincent ṣe ni pé ó gbé iṣẹ́ náà lé ẹ́ńjìnì lọ́wọ́.

Páìpù ṣì yí ẹ́ńjìnì Rapide, ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù Vincent, ká nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1936. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Philip Vincent àti Phil Irving, ẹnjiníà ọmọ Australia tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Stevenage, tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnì onísílíńdà méjì náà, tí ó tó 998 cc, le ju páìpù èyíkéyìí tí wọ́n lè fi gbè é lọ. Nínú èyí tó jáde ní 1946, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ ṣe àpótí tóóró kan, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ orí ẹ́ńjìnì, wọ́n so ọrùn mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì so apá táyà ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì gan-an, tí sípíríǹgì rẹ̀ wá gun ẹ̀yìn àpótí náà lábẹ́ ìjókòó. Inú àpótí yìí kan náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń gbé. Abẹ́ táńkì epo ló fara pa mọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1948, Rollie Free, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé Vincent kan lọ sí orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní Utah. Ó bọ́ aṣọ ku ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lé e lórí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì sá ju máìlì 150 ní wákàtí kan lọ. Bí ẹ́ńjìnì kò bá lè ṣe iṣẹ́ férémù, ọjọ́ yẹn ni à bá mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹni tó bá sọ ẹ́ńjìnì Vincent kalẹ̀ ti tú alùpùpù sí méjì nìyẹn: iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wẹ́dà ni mí ní Òṣogbo. Ọmọ mi fi fọ́tò férémù alùpùpù Norton kan tí wọn kò tíì kùn hàn mí, ó ní bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ojú ìjó rẹ̀ pọ́n bí idẹ. Ṣé idẹ ni lóòótọ́? Kí ló dé tí wọn kò fi iná mànàmáná jó o?

ÈSÌ: Idẹ ni, ọ̀gá mi. Ojú oníṣẹ́ lẹ fi wò ó. Páìpù Reynolds 531 tí wọ́n lò fẹ́lẹ́ púpọ̀, àwọn èròjà manganese àti molybdenum tí wọ́n pò mọ́ irin rẹ̀ ló sì fún un lágbára. Bí iná bá gbóná dé ibi tí irin ti ń yọ́, páìpù náà yóò rọ lẹ́bàá ojú ìjó, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán bí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Idẹ ti yọ́ ní nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí irin kì í yọ́ àfi tó bá sún mọ́ 1,500. Ilé iṣẹ́ Norton pàápàá kò dá iṣẹ́ yìí ṣe, ilé iṣẹ́ Reynolds ni wọ́n gbé e fún.

Rex McCandless, ará Belfast tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́, ló ya férémù náà. Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀ dáadáa nínú fọ́tò náà: páìpù méjèèjì tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnì gòkè wá kọjá láàárín àwọn ti òkè, wọ́n lọ mú orí ọrùn, àwọn ti òkè sì wá mú ìdí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọjá ara wọn yẹn ni agbára rẹ̀ wà, nítorí ọrùn kò ráyè lọ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Harold Daniell ló gùn ún, tó ní ó dà bí ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní oṣù Kẹrin 1950, Geoff Duke fi í gba ipò kìíní ní Blandford. Ní oṣù Kẹfà, nínú eré TT ti Erékùṣù Man, Norton ló gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta nínú ìdíje 350 cc, ó sì tún gbà wọ́n nínú ti 500 cc. Sílíńdà kan péré ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní, mẹ́rin ni ti Gilera ará Italy, síbẹ̀ Duke gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé méjèèjì ní 1951. Férémù ló ṣe é.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ yín. Àwọn tó ń fi mọ́tò kékeré 500 cc sáré ìje fẹ́ràn ẹ́ńjìnì Norton yìí, ṣùgbọ́n Norton kì í ta ẹ́ńjìnì nìkan fún wọn. Wọ́n a ra odindi alùpùpù, wọ́n a yọ ẹ́ńjìnì, férémù a sì ṣẹ́kù. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń fi ẹ́ńjìnì Triumph sínú irú férémù bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ Triumph àti Norton yìí ni wọ́n ń pè ní Triton.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé páìpù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe férémù eré ìje nígbà náà?

ÈSÌ: Rárá o. Ilé iṣẹ́ alùpùpù Greeves, ní Thundersley ní Essex, yọ́ alumíníọ̀mù, wọ́n sì dà á yí páìpù irin ọrùn ká títí ó fi dì mọ́ ọn, tí ó wá di òpó kan ṣoṣo tó sọ̀ kalẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnì. Dave Bickers fi Greeves gba ife-ẹ̀yẹ Europe nínú eré orí ẹrẹ̀ ní 1960 àti 1961.

Èyí tó wù mí jù lọ ni Norton tí Peter Williams yà ní 1973. Irin pẹlẹbẹ tí kì í dípẹtà ni wọ́n ká tí wọ́n sì jó pọ̀ bí àpótí, epo ń gbé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún nísàlẹ̀ kí ìwúwo má baà wà lókè, Williams fúnra rẹ̀ ló sì gùn ún gba ipò kìíní nínú ìdíje 750 cc ní Erékùṣù Man lọ́dún náà. Ní 1974, Norton pa á tì, wọ́n padà sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Ní tèmi, wọ́n kánjú.