Èsì: Ṣé ojú lè wọn ìrora tó ti pẹ́ lára àgbàlagbà?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yìn ti ń dun bàbá yín láti bí ọdún kan, àmọ́ "kò sí nǹkan" ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ wá béèrè bóyá èèyàn lè fi ojú wọn ìrora náà. Ó ṣeé ṣe, dé àyè kan.

Ní 1982, àwọn olùṣèwádìí méjì, Keefe àti Block, to ìṣesí 5 jọ tí wọ́n ń ṣọ́ lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn: kí ara gan bí wọ́n bá ń rìn, kí wọ́n fọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n máa fọwọ́ pa ibi tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n fún ojú pọ̀, kí wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n á ya fídíò ìṣẹ́jú 10, wọ́n á wá ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyé.

Ìgbà tí bàbá bá ń dìde lórí àga gan-an ni kí ẹ wò. Ṣé wọ́n ń fọwọ́ ti itan? Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ dúró ná kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀? Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í fi nǹkan púpọ̀ hàn.

Ẹ má kàn wá sọ pé nítorí wọn ò fún ojú pọ̀, kò dùn wọ́n o. Ìrora tó pẹ́ máa ń mọ́ni lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣì ni àkọ́kọ́. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ò jẹ́ kó lè ṣàlàyé mọ́ ni wọ́n ń lo PAINAD, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń wọn ìrora, fún: ohun 5 ni wọ́n ń wò lára ẹni náà, máàkì 0 sí 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò, kí ẹ mú un lọ fún dókítà.