Omi ń dúró sí pápá màlúù mi: ṣé páìpù ló kàn?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o. Mo ní pápá koríko bíi ékà mẹ́rin nítòsí Ìsánlú, ibẹ̀ ni màlúù mi ti ń jẹ. Láti oṣù keje ni omi ti ń dúró sí i títí òjò á fi dá. Koríko á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹsẹ̀ màlúù á sì sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí n ra páìpù, kí n rì í mọ́lẹ̀. Ṣé owó mi ò ní wọgbó báyìí?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi yẹn ti ń wá. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ẹ gbẹ́ ihò méjì tàbí mẹ́ta tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì wo inú wọn.

Bí òkè bá tutù rinrin tí ìsàlẹ̀ sì gbẹ, ilẹ̀ ló ti ki. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ ihò náà láti òkè wá sílẹ̀: á máa wọlé wẹ́rẹ́, á wá dé ibì kan tí kò ní wọlé mọ́, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò koríko ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pátákò màlúù àti táyà katakata ló fà á. Páìpù ò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀, torí omi ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Katakata tó ní eyín irin gígùn ni kó fọ́ ọ, lẹ́yìn tí òjò bá dá, tí ilẹ̀ ti ń rún lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣì tutù, eyín irin yẹn kàn máa là á kọjá bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹ̀kọ ni, kò ní fọ́ ohunkóhun.

Bí omi bá ń sun láti ẹ̀gbẹ́ ihò tó kọjú sókè, òkè ló ti ń wá. Èyí ni mo fura sí jù ní tiyín. Àpáta pọ̀ lágbègbè wa, òjò tó bá sì rọ̀ sórí àpáta kì í wọlẹ̀, ẹsẹ̀ òkè ló ń dà sí. Gọ́tà kan ṣoṣo tí ẹ bá gbẹ́ dábùú orí pápá yóò ṣe ju mẹ́wàá tí ẹ gbẹ́ sáàárín rẹ̀. Kó máa fi bíi 50 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ ní 100 mítà; rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ tó fún un. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, kó má baà ya lulẹ̀, kí ẹ sì kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀. Odò ni kó já sí o, kì í ṣe oko iṣu ẹlòmíì, àfi tí ẹ bá fẹ́ máa jẹ́jọ́ láàfin.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ru láti ìdí ihò, tí ilẹ̀ ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú àmì pupa bí ìpẹtà, àkùrọ̀ nìyẹn. Tèmi ni pé kí ẹ fi sílẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, tí gbogbo pápá bá ti gbẹ, ibẹ̀ nìkan ni koríko tútù máa kù sí. Ẹ gbin para grass síbẹ̀, omi ò bà á lẹ́rù. Ẹ ṣọgbà yí i ká lásìkò òjò, kí ẹ máa gé koríko náà lọ fún màlúù. Ìgbín omi tó ń gbé irú ibẹ̀ ló ń gbé kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ màlúù jẹ́. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀.

Páìpù nílò ibi tó rẹlẹ̀ tí yóò máa tú omi sí, nínú ilẹ̀ amọ̀ sì rèé, òkúta wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ bò ó dé ìtòsí òkè ilẹ̀. Owó òkúta yẹn nìkan lè ju ti páìpù lọ. Fún koríko ékà mẹ́rin, mi ò rí èrè rẹ̀.

Bí ẹ bá wá gbẹ́ gọ́tà, ẹ máa kó ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ ní oṣù kẹta lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.