Ṣé Kí N Wọlé, Tàbí Kí N Dúró Síta?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́jọ, ó sì ní òun fẹ́ kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tí òun bá ń rọbí. Ìyá mi ní tí mo bá fi ojú rí i, ojú tí mo fi ń wo aya mi yóò yí padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọkọ tó bá dúró síta kò nífẹ̀ẹ́ aya rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì máa ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ óò gbóhùn ìyá, ẹ óò gbóhùn ọmọ. Àríyànjiyàn yìí ti wà láàárín àwọn dókítà fúnra wọn tipẹ́. Robert Bradley, dókítà agbẹ̀bí ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé ní ọdún 1965 láti fi hàn pé ipò ọkọ ni ẹ̀gbẹ́ aya tó ń rọbí. Michel Odent, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òun náà jẹ́ dókítà agbẹ̀bí, ta ko irú èrò bẹ́ẹ̀: ó ní ọkọ tí ẹ̀rù ń bà máa ń kó ìpayà ran aya, bẹ́ẹ̀ ìpayà kì í jẹ́ kí ara tú oxytocin jáde dáadáa, ìyẹn èròjà ara tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì.

Ọ̀rọ̀ Odent kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tó ìdí láti lé gbogbo ọkọ síta. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, tó kó ìwádìí 26 àti obìnrin tó lé ní 15,000 pọ̀, fi hàn pé ìrọbí ẹni tí wọn kò fi sílẹ̀ lóun nìkan sábà máa ń yá díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù. Nígbà tó di ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní alábàárò tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé ọkọ ni dandan. Ó lè jẹ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyàwó yín yàn, nítorí náà ohùn rẹ̀ ló ṣáájú ti ìyá yín àti ti àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ibi orí rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe ibi ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ni ẹ óò máa wò. Bí ìrora bá dé, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì dákẹ́ àfi tó bá bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé, bí òòyì bá sì ń kọ́ yín, ẹ tètè jókòó sílẹ̀, nítorí agbẹ̀bí kò ráyè gbé ọkùnrin tó ṣubú. Tí ìyàwó yín bá yí ọkàn padà láàárín ìrọbí, tó ní kí ẹ jáde, ẹ jáde láìbínú.

Ẹ sọ ẹ̀rù yín fún un láti ìsinsìnyí, kí ẹ jọ mú ẹnì kejì tó lè gbapò yín. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí bóyá wọ́n ń gba ọkọ wọlé, nítorí níbi tó bá jẹ́ pé aṣọ ìkélé nìkan ló pín àwọn aláboyún níyà, wọ́n lè kọ̀ nítorí àṣírí àwọn yòókù.