Ṣé mo lè ti ara mi mọ́lé kí n fi ọtí sílẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 49 ni mí, mò ń ta léèsì àti aṣọ òkè ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹgbẹ́ wa ti ń ra aṣọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Mo ti kọ́lé, ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé jíìnì ló wà nínú ike omi tí mò ń gbé kiri. Orógbó ni mo fi ń pa òórùn rẹ̀. Bí mo bá jí tí n kò tíì mu ún, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé n kò lè fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, mo fẹ́ lọ sórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí n sì fi í sílẹ̀ pátápátá. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ewu wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ jáwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró lójijì níbi tí kò sí oníṣègùn. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn fi hàn pé ọtí ti di bárakú sí yín lára.

Ọtí máa ń fà ọpọlọ sẹ́yìn. Bó bá ń wọlé lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ọtí bá wá dáwọ́ dúró lójijì, eré yẹn kò ní dúró. Láàárín wákàtí 6 sí 24, òógùn á bò yín, èébì á máa gbé yín, oorun á dá lójú yín. Gìrì bíi ti wárápá lè dé láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan á máa ṣe ràdàràdà: wọ́n á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa lù kìkì. Ó lè pa ènìyàn. Inú ọjọ́ mẹ́ta yín gan-an ló bọ́ sí, àwọn tó bá wà lórí òkè á sì ní ayé ló ń bá yín jà, dípò kí wọ́n máa wá mọ́tò. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni mo ní kí ẹ má gbà, nítorí ọtí máa ń jẹ́ kí fítámì B1 ṣọ̀wọ́n nínú ara, àìtó rẹ̀ sì lè ba ìrántí jẹ́ títí láé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n á fún yín ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tí wọ́n á máa dín kù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ B1 àti àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Bí ẹ kò bá fẹ́ pàdé ará ilé, Aro ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú bárakú. Àṣírí yín ni, òfin iṣẹ́ wa kò gbà wá láyè láti tú u. Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ má fi kún iye tí ẹ ń mu, ẹ má gé e lójijì, ẹ má wakọ̀, ẹ má sì fi oògùn oorun lé e. Ẹ má dúró de Ojúde Ọba.

Ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an fún dókítà. Àwọn ẹni iyì ló máa ń gé e sí ìdajì fún wa jù, bẹ́ẹ̀ iye yẹn la fi ń mọ ìwọ̀n oògùn. Ẹ dárúkọ ilé àti yunifásítì fún mi bí ẹni ń wá ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì burú. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti kọ́lé. Ọjà ń lọ nítorí pé ẹ ń mu ún láàárọ̀ kí ọwọ́ lè dúró, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ fọkàn tán, bóyá nínú ẹgbẹ́ yín, kó lè máa jókòó tì yín lóde àríyá. Ẹ kọ́ ọ ní èyí pẹ̀lú: bí gìrì bá gbé yín, kó fi ẹ̀gbẹ́ yín lélẹ̀, kó má ti ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu, kó má da epo tàbí omi sí yín lọ́fun, kó sì gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.