Ṣé Mo Lè Fi Ìṣirò Sílẹ̀ Di Ọdún Tó Kẹ́yìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní nínú kẹ́mísìrì, oyè honours, ìyẹn oyè yunifásítì onípele gíga, ni mo sì ń lé. Mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì tí wọ́n bá gbà mí láyè, kí n fi ìṣirò àti físíìsì sílẹ̀ di ọdún tó kẹ́yìn, torí àkọ́sórí ni agbára mi. Ṣé ètò yìí dáa?

ÌDÁHÙN: Kò dáa rárá. Ìbéèrè yìí ti sú mi, kì í ṣe tìtorí ìwọ, bí kò ṣe tìtorí àwọn tó ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé kẹ́mísìrì kò ju ká há nǹkan sórí lọ, tí wọ́n sì tún ń ta ìwé àkọ́sórí lé e. Owó yín ni wọ́n ń wá.

Wo bí reaction, ìyẹn ìyípadà tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn, ṣe ń yára sí. Wọn á kọ́ ọ pé nínú reaction first order, ìyẹn èyí tí ìyára rẹ̀ ń bá iye nǹkan tó kù lọ ní tààrà, half-life, ìyẹn àkókò tí ìdajì nǹkan fi ń tán, jẹ́ 0.693 tí a fi k pín; k ni nọ́ńbà tó ń sọ bí reaction náà ṣe yára tó. Wàá há a. Wọ́n bá yí ìbéèrè sí second order, tí ìyára rẹ̀ lè máa bá iye nǹkan tó kù lọ ní ìlọ́po ara rẹ̀ (square), níbi tí half-life ti ń gùn sí i bí nǹkan náà ṣe ń dín kù, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ calculus, ìyẹn ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, kò ní há ìkankan nínú méjèèjì. Á jókòó, á ṣe integration, ìyẹn ọ̀nà calculus tó ń ro àwọn ìyípadà kéékèèké pọ̀, á rí i pé 0.693 yẹn kò ju natural log ti 2 lọ. Bákan náà ni ìdọ́gba Arrhenius ti 1889, tó ń sọ bí ooru ṣe ń yí ìyára reaction padà, àti ti Schrödinger ti 1926, tó ń ṣàpèjúwe ìṣesí electron, ègé kékeré inú átọ̀mù: àfi kí o máa wò wọ́n bí àwòrán lára ògiri tí ìṣirò kò bá sí. Kódà organic, ìyẹn kẹ́mísìrì àwọn nǹkan tó ní carbon, tí gbogbo yín ń pè ní ti àkọ́sórí, ibi tí electron pọ̀ sí àti ibi tí wọ́n ti ń wá a ni kí o máa wò. Ọ̀pọ̀ reaction tí o fẹ́ há ló jọra wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ. Iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn ló sábà máa ń gbé honours ró. Kí o tó débẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti ṣe physical chemistry, ẹ̀ka tó ń fi físíìsì àti ìṣirò ṣàlàyé kẹ́mísìrì. Kí o tó ṣe ìyẹn, calculus àti físíìsì. Ọdún kìíní nìyẹn já sí. Bí kọ́ọ̀sì kan bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ, tí o sì pàdánù rẹ̀, odindi ọdún kan lè bá a lọ.

Mi ò mọ òfin ilé ẹ̀kọ́ rẹ o. Ní Ọsirélíà, honours sábà máa ń jẹ́ ọdún kan lọ́tọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní Scotland, inú ọdún mẹ́rin ló wà. Ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ, ti ọdún tí o wọlé gan-an, ni kí o kà. Olùdámọ̀ràn rẹ ló ni àṣẹ, kì í ṣe èmi. Ohun tó bá sì sọ, ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Tí ìṣirò bá ń bà ọ́ lẹ́rù, dín kọ́ọ̀sì yòókù kù ní sáà àkọ́kọ́, kí o sì tètè wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe fi fọ́ọ̀mù tí o fi ń yan kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láìkọ calculus sí i.