Kẹ́ ẹ tó ronú Hawa Mahal ní Jaipur, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí orúnkún tí wọ́n ṣe fún wọn ní Delhi jinná kánkán. Ẹ ní ọjọ́ méjì ló kù kẹ́ ẹ wọ bàálù padà sílé, ẹ sì ń béèrè bóyá ó tó fi lọ wo Jaipur, ìlú míì ní India níbẹ̀, àti ibi tí Bàbá lè dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ó tó dáadáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí títí dòní.

Iṣẹ́ abẹ ni èmi náà gbé màmá mi lọ ṣe ní Delhi. Nígbà tára wọn mókun, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Jaipur tí nọ́ọ̀sì kan máa ń ròyìn fún wọn. Mo gba yàrá sílẹ̀ lórí fóònù, mo sanwó, wọ́n fèsì pé yàrá ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin já wa sílẹ̀ lálẹ́, ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ṣí pásípọ́ọ̀tù màmá mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa á dé, ó wá fi ìka méjì tì í padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní àwọn kì í gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Mo fi owó tí mo san hàn án lójú fóònù. Ó ní òun rí i, kí n lọ bá àwọn tí mo sanwó fún.

Hòtẹ́ẹ̀lì kejì ní yàrá ti kún, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ so rẹrẹ lára ògiri lẹ́yìn ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ní fíísà ìtọ́jú la ní, kì í ṣe ti ìgbafẹ́, kí n lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fi mí jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń tẹ fóònù, kó tó sọ pé iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn, kí n padà wá láàárọ̀. Láàárọ̀! Màmá mi wà níta lórí àpótí wa, wọ́n fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn mú, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló pa mí lẹ́kún jù. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló ṣàánú wa, ó gbé wa lọ sí ilé àlejò kan. Ìyá àgbà tó ni ín ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wa, ó kọ ohun tó yẹ kó kọ, ó sì fún màmá mi ní omi gbígbóná. Aago méjì òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ká tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Ní India, ẹni tó bá gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè sílé gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Form C ránṣẹ́ síjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí kò forúkọ sílẹ̀ fún un ò lè fi í ránṣẹ́, wọ́n á kàn lé yín ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbowó yín. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó aláìsàn ilẹ̀ òkèèrè ní ọsibítù wa mọ̀ pé à ń lọ. Wọ́n mọ òfin yìí bí ẹní mowó. Kò sẹ́ni tó lanu sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì fúnra yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe Form C, kí wọ́n kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti fíísà, ẹ mú lẹ́tà dókítà dání.

Ẹ má sì tẹ̀ lé ọkùnrin kankan tó bá bá yín ṣọ̀rẹ́ lọ́jà, tó wá ní kẹ́ ẹ bá òun gbé òkúta iyebíye lọ tà nílé, pé èrè wà níbẹ̀. Jìbìtì àtijọ́ ni ní Jaipur.

Ó dáa, ibi tẹ́ ẹ béèrè. Amber, ààfin olódi kan lórí òkè, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, nǹkan bí kìlómítà 11 sí ìlú. Ibẹ̀ lolú ìlú kí ọba Sawai Jai Singh Kejì tó tẹ Jaipur dó ní 1727. Ẹ gba jíìpù gòkè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé Bàbá gun erin. Hawa Mahal, ààfin afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ́ ní 1799, ní fèrèsé 953 káwọn obìnrin ààfin lè máa wo títì láìsí ẹni tó rí wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ibi tí wọ́n ń gbà gòkè níbẹ̀, ilẹ̀ dídagun ló pọ̀ jù dípò àtẹ̀gùn, ó máa rọrùn fún orúnkún.

Ní 1876 ni wọ́n kun ìlú náà ní pínǹkì nítorí pé ọmọ ọba England ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tèmi, àwọ̀ ìkòkò amọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ ọba náà jọba ní 1902, Maharaja Madho Singh, ọba Jaipur, fi ìkòkò fàdákà ràgàjì gbé omi odò Ganges dání lọ sí London. Méjì lára wọn wà ní City Palace, ààfin ọba tó wà láàárín ìlú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Màmá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Àmù rèé o."

Jantar Mantar, ibi tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́ láti fi máa wo òòrùn àti ìràwọ̀, ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀. Aago òòrùn ibẹ̀, tí òjìji rẹ̀ ń sọ àkókò, ga tó mítà 27. Ẹ dúró tì í, ẹ gbé ìka sí etí òjìji lórí òkúta: láàárín ìṣẹ́jú kan péré, á ti rìn kọjá ìbú ìka mẹ́ta. Afinimọ̀nà kan ní ó ti bàjẹ́ torí pé kò bá aago ọwọ́ wa mu. Irọ́ ni! Aago India gbogbo gba ti ibòmíràn tó wà níhà ìlà-oòrùn Jaipur, ìdí nìyẹn tí òòrùn Jaipur fi ń kẹ́yìn aago pẹ̀lú bíi ìṣẹ́jú 27, ó ń yí díẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó kó Amber, Hawa Mahal àti Jantar Mantar pọ̀ fún ọjọ́ méjì. City Palace ò sí nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ fẹ́ lọ, ooru á pa Bàbá, ẹ fi ọ̀sán sinmi.

Tẹ́ ẹ bá ti rí hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí kẹ́ ẹ tó sanwó. Màá bá yín pè wọ́n.