Èsì: Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ màmá tó yí sínú, ní Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá wa ní Toronto. Mo rí fọ́tò ojú màmá yín ní Òṣogbo tẹ́ ẹ fi síbí, bí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wọn ṣe yí sínú, mo sì ka ibi tẹ́ ẹ ti ní àwọn ará ilé ń pariwo owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì mú owó yẹn dání ná. Ẹni tó máa tẹ̀ lé màmá lọ ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹni tó lè jókòó tì wọ́n látàárọ̀ títí wọ́n á fi rí dókítà, tó máa béèrè ọ̀rọ̀, tó máa ya fọ́tò gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

Bó ṣe yí sínú yẹn, irun ìpéǹpéjú á máa gbá ẹyinjú bí ìgbálẹ̀, ìdí nìyẹn tí màmá fi ń sọ pé yanrìn wà lójú àwọn, tó bá pẹ́ ó lè dá àpá síwájú ẹyinjú kí ìríran bàjẹ́, kò ṣe é fi falẹ̀. Ìpéǹpéjú tó bá yí síta ní tiẹ̀, omi á kàn máa dà, ojú á pọ́n, ìyẹn ṣì lè ní sùúrù díẹ̀ àfi tójú ò bá lè pa dé mọ́. Ọjọ́ orí ló sábà ń fà á, ara ibẹ̀ ti dẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má fa irun yẹn tu nílé o, á tún hù ni, á sì máa gún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

UNIOSUN Teaching Hospital, ní Òṣogbo níbẹ̀, ni kí wọ́n lọ, eye clinic (ẹ̀ka ìtọ́jú ojú), kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta gíláàsì. Kí wọ́n béèrè bóyá dókítà tó ń ṣe ìpéǹpéjú gan-an wà, torí kátárákìtì (kùrukùru tó ń bo inú ẹyinjú) lọ̀pọ̀ dókítà ojú ń ṣe jù. Tí ò bá sí, kí wọ́n gba lẹ́tà lọ sí OAUTHC, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí UCH (University College Hospital) Ìbàdàn, Ifẹ̀ ò kúkú jìnnà.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún ò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Wọ́n sábà máa ń gún ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn wọ́n, wọ́n á fa ìpéǹpéjú le létí ojú, wọ́n á rán an, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa ń padà sílé. Tí màmá bá ń lo aspirin tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, kí dókítà gbọ́, kí màmá má sì dá oògùn náà dúró fúnra wọn.

Owó, ọ̀dọ̀ kaṣíà ọsibítù ni kí wọ́n ti san án, kí wọ́n gba rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wálé fún un, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yín, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó yọ okùn tí wọ́n fi rán ojú, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará ọsibítù bóyá àwọn dókítà ń múra ìyanṣẹ́lódì kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.